Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú: báwo la ṣe lè rí oko ẹṣin Kentucky àti ilé àtijọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: "Cincinnati ni à ń gbé. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú Òde lóṣù kẹwàá. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún, wọn kì í sì í pa Ojúde Ọba jẹ nítorí ẹṣin. Ọmọ wa obìnrin jẹ́ ọdún 9, ẹṣin ni tiẹ̀ náà. A fẹ́ mú wọn lọ sí agbègbè Lexington ká rí oko ẹṣin, ká sì wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé ńlá àtijọ́ tó wà níbẹ̀. A ò fẹ́ sùn síbẹ̀. Ṣé ọjọ́ kan tó? Ibo ni ká kọ́kọ́ lọ, kí ló sì yẹ ká ṣọ́ra fún?"

Ọjọ́ kan tó, bí ẹ bá ti lè gbà pé oko ẹṣin kan, ilé àtijọ́ kan àti itẹ́ òkú kan lẹ máa rí dáadáa, kí ẹ wá yà sí Kentucky Horse Park, ọgbà ẹṣin ńlá tó ṣí fún gbogbo èèyàn, nígbà tí ẹ bá ń padà sílé. Ẹni tó bá fẹ́ rí oko mẹ́ta, pápá ìje àti ilé méjì lọ́jọ́ kan náà, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ọ̀hún, á sì ti rẹ Màmá kó tó di ọ̀sán. Mo mọ̀ pé ẹ ò béèrè itẹ́ òkú. Mo fi í sí i nítorí pé ẹni tó bá rí ẹṣin Kentucky láìrí àwọn tó tọ́ wọn tó sì gùn wọ́n, ìdajì ló rí. Màá ṣàlàyé bí mo bá débẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ba ìrìn àjò yìí jẹ́ ni kéèyàn kàn wakọ̀ lọ, kó máa rò pé òun lè san owó lẹ́nu géètì kóun wọlé. Oko aládàáni ni àwọn oko yìí, òwò ńlá sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lọ́dún 2025, 250,000 dọ́là ni Spendthrift Farm ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí Into Mischief, akọ ẹṣin wọn kan, fún abo ẹṣin òun lóyún. Owó ọmọ kan ṣoṣo nìyẹn. Irú akọ bẹ́ẹ̀ lè gun abo tó lé ní 100 láàárín oṣù díẹ̀. Ta ló máa ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ lágbàlá tó máa ṣí géètì sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí?

Nítorí náà, ẹ gba àyè sílẹ̀. Ìkànnì Visit Horse Country ni ọ̀pọ̀ oko àti ilé ìwòsàn ẹṣin ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Oko kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ àti àkókò tirẹ̀, iye èèyàn tí wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan kì í pọ̀. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, nítorí oṣù kẹwàá ni pápá ìje Keeneland ń ṣe eré ìgbà ìwọ́wé rẹ̀, àlejò á sì kún gbogbo agbègbè náà. Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì ló dáa jù. Lọ́jọ́ Sátidé, èrò ìje á dí ọ̀nà; lọ́jọ́ Àìkú sì rèé, ọ̀pọ̀ oko kì í gba àlejò. Bí ẹ bá ń gba àyè, ẹ bi wọ́n ní nǹkan márùn-ún: báwo ni ìrìn ẹsẹ̀ ibẹ̀ ṣe gùn tó, ṣé orí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí koríko ni, ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ṣé wọ́n ń gba ọmọ ọdún 9, àti pé àwọn ẹṣin wo gan-an ni wọ́n máa fi hàn yín. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí oko tó ń tọ́jú akọ yàtọ̀ sí oko tó ń tọ́jú abo àti ọmọ, èyí tó ń kọ́ ẹṣin ní eré sì tún yàtọ̀.

Èwo ni kí ẹ mú? Fún ẹ̀yin, Claiborne Farm ní ìlú Paris, Bourbon County, ni mo máa mú. Ọdún 1910 ni Arthur B. Hancock dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin Secretariat, ẹṣin ìje tó lókìkí, sí. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó jẹ ọmọ yín lógún jù ni kó fọwọ́ kan ẹṣin, kó fún un ní kárọ́ọ̀tì, ẹ fi Old Friends ní Georgetown rọ́pò rẹ̀. Àwọn ẹṣin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìje àti lẹ́nu ìbímọ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fọkàn balẹ̀, wọ́n sì mọ èèyàn mọ́ra. Ẹ má ṣe gba àyè ní oko méjì láàárọ̀ kan náà. Ìrìn kan lè gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀, bí ẹ bá sì pẹ́ dé èkejì, wọn ò ní dúró dè yín, owó yín á sì wọgbó.

Ẹ sọ fún ọmọ yín ṣáájú kó tó dé ibẹ̀ pé kò ní rí ọmọ ẹṣin tuntun tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Àárín oṣù kejì sí oṣù kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni wọ́n ń mú akọ gun abo, oyún ẹṣin sì máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 340, nítorí náà láàárín oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ni wọ́n sábà ń bí. Tó bá fi máa di oṣù kẹwàá, wọ́n ti já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n ti kó wọn jọ ní pápá tiwọn, àwọn ìyá sì ti lóyún mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, oṣù kẹrin ni kó lọ. Àǹfààní oṣù kẹwàá ni pé ọwọ́ àwọn akọ ti dilẹ̀, olùtọ́jú wọn sì ní àyè láti mú wọn jáde síwájú yín, kó fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè.

Ẹ bi ẹni tó ń mú yín káàkiri nípa iná mànàmáná inú ilé ẹṣin, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Gbogbo Thoroughbred, irú ẹṣin ìje tí wọ́n ń tọ́ ní àwọn oko yìí, tí wọ́n bí ní ìhà àríwá ayé ló ń pé ọdún kan ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ì báà jẹ́ oṣù karùn-ún ni wọ́n bí i. Èyí tí wọ́n bí lóṣù kìíní àti èyí tí wọ́n bí lóṣù karùn-ún, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jẹ́ lórí pápá, bẹ́ẹ̀ èyí àkọ́kọ́ ti fi oṣù mẹ́rin dàgbà ju èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo olóko fi ń sáré kí abo lóyún lóṣù kejì. Ṣùgbọ́n abo ẹṣin kì í gba akọ nígbà òtútù tí ojú ọjọ́ kúrú; ìmọ́lẹ̀ ló ń jí ara rẹ̀. Nítorí náà, láti nǹkan bí ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ni wọ́n ti ń tan iná sí i lórí, kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti iná lè pé wákàtí 16 lójúmọ́. Ó máa ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó gbà pé ìgbà ìrúwé ti dé. Bí iná bá kú lóru ọjọ́ bíi mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnì kan kíyè sí i, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè bàjẹ́.

Wọ́n tún máa fi ilé tí akọ ti ń gun abo hàn yín. Òfin Jockey Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ àwọn Thoroughbred sílẹ̀, ni pé ọmọ tí kò bá wá látinú kí akọ gun abo fúnra rẹ̀, a kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi Thoroughbred. Fífi abẹ́rẹ́ gbé àtọ̀ sínú abo kò bófin mu. Ẹ wo ilẹ̀ ilé náà, ó rọ̀ lẹ́sẹ̀ kí ẹṣin má baà yọ̀. Ẹ wo ògiri, tìmùtìmù ni wọ́n fi bò ó. Kí wọ́n tó mú akọ olówó iyebíye náà wọlé, akọ mìíràn tí kò lówó lórí ni wọ́n kọ́kọ́ mú sún mọ́ abo náà, bí alárìnà. Bí abo bá ń tàpá sí alárìnà, kò tíì tó àkókò. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á fi bàtà rírọ̀ wọ̀ ọ́ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kó má baà fi pátákò ṣe akọ léṣe, wọ́n á sì fi awọ bo ọrùn rẹ̀ nítorí akọ máa ń bù ú jẹ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á dé akoto. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Lọ́pọ̀ àdéhùn, owó náà kò tíì di ti olóko títí ọmọ yóò fi wáyé, tí yóò dìde dúró, tí yóò sì mu ọmú.

Ohun kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ọmọ yín wò fínnífínní: okùn awọ tó wà lórí ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Idẹ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ sí. Lára ọmọ tí kò tíì lórúkọ, orúkọ ìyá rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i ni wọ́n sábà ń kọ síbẹ̀. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe okùn náà, wọn kì í lo ọ̀rá, nítorí bí ó bá há mọ́ igi ọgbà tí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, awọ á já. Ọ̀rá kì í já, ọrùn ẹṣin ló máa ń ṣẹ́. Ẹ tún wo ọgbà: onílà méjì ni láàárín pápá kan àti òmíràn, pẹ̀lú ọ̀nà tóóró láàárín, kí akọ méjì má lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn, kí àìsàn má sì ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Nínú oko tí wọ́n bá ti fara balẹ̀ kọ́ ọ, kò sí igun tó mú ṣóńṣó. Wọ́n tẹ igun rẹ̀ kọrọdọ, kí ẹṣin tó ń sá eré má baà há síbẹ̀, tàbí kí èyí tó lágbára má baà há aláìlera mọ́ igun lù.

Ilẹ̀ náà ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Òkúta ẹfun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, calcium àti phosphorus inú rẹ̀ sì ń yọ́ wọnú omi àti koríko. Ohun tí àwọn olóko fi ń yangàn nìyẹn, pé ó ń mú egungun ọmọ ẹṣin le. Koríko tí wọ́n ń pè ní bluegrass kì í ṣe aláwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ni, àfi ìgbà tí ó bá yọ òdòdó nígbà ìrúwé, tí orí rẹ̀ á wá máa dán bí aró díẹ̀. Ẹ má dààmú wá a lóṣù kẹwàá.

Nípa Secretariat: ọdún 1973 ló gba àwọn ìje mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù, ó sì fi gígùn ara ẹṣin 31 ṣíwájú nínú Belmont Stakes, ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 24. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1989 ló kú. Àṣà ibẹ̀ ni pé bí ẹṣin ńlá bá kú, orí, ọkàn àti pátákò rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sin. Òun, odindi ni wọ́n sin ín, ọlá ńlá nìyẹn. Ẹ ó gbọ́ pé ọkàn rẹ̀ wọn pọ́n-ùn 22. Ẹ mọ̀ dájú pé ẹnikẹ́ni kò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Oníṣègùn tó yẹ òkú rẹ̀ wò, Thomas Swerczek, fojú díwọ̀n rẹ̀ ni, lẹ́yìn tó ti wọn ọkàn Sham, ẹṣin tó bá Secretariat du ìje, tó sì rí pọ́n-ùn 18. Ó tóbi gan-an lóòótọ́, nítorí ti ọ̀pọ̀ Thoroughbred kì í ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 9 lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Màmá. Ẹṣin tí wọ́n mọ̀ ní Ojúde Ọba ti wọ gàárì àti ìjánu, ìlù àti ìbọn ti mọ́ ọn lára, ẹlẹ́ṣin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n máa rí ní Kentucky, ìhòòhò ara rẹ̀ ló wà, ẹnikẹ́ni kì í gùn ún mọ́, inú ìdákẹ́jẹ́ ló sì ń gbé. Igbe òjijì, agboòrùn tí a ṣí pàì, gèlè tàbí ìborùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lè mú kó ta gìrì. Ẹ bá Màmá sọ ọ́ nílé: kí wọ́n wé gèlè mọ́lẹ̀ dáadáa tàbí kí wọ́n dé fìlà òtútù, kí ìró má gùn wọ́lẹ̀, kí aṣọ òtútù sì wà, nítorí àárọ̀ oṣù kẹwàá lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó gòkè dé 20 lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá fẹ́ ki oríkì ẹṣin, kí wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ ki í. Ẹṣin fẹ́ràn ohùn pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, nítorí náà kì í rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kì í sì í rí ohun tó wà níwájú orí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Apá èjìká ni kéèyàn ti yọ sí i, kó sì máa sọ̀rọ̀ bó ti ń bọ̀. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn orí, ẹ fà sẹ́yìn, inú ń bí i. Akọ máa ń géni jẹ, nígbà mìíràn eré ló ń ṣe, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò mọ eré. Ẹ má fún ẹṣin kankan ní ohunkóhun àyàfi tí olùtọ́jú bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbà, kí ọmọ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gbalaja, kí àtàńpàkò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí ó má fi ìka mú un nawọ́. Sìgá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé ẹṣin rárá, koríko gbígbẹ ló kún ibẹ̀. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, kí oògùn tó ń fà símú wà lápò, nítorí eruku koríko yìí ń ta imú.

Bàtà ńkọ́? Bí Màmá bá ń wọ Amẹ́ríkà, wọ́n á bi wọ́n bóyá wọ́n sún mọ́ ẹran ọ̀sìn láìpẹ́. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹṣin tàbí ewúrẹ́, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n yẹ bàtà wọn wò kí wọ́n sì fọ̀ ọ́. Irọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn kí bàtà tí wọ́n fi wọ agbo ẹran ní Ìjẹ̀bú wà nílé, kí ẹ ra èyí tuntun tó bo ìka ẹsẹ̀ fún wọn, nítorí kòkòrò àìsàn ẹran máa ń bá ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà rìn. Bí oko bá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ẹ dáhùn bó ṣe rí.

Ẹ kúrò ní Cincinnati ní aago 7 àárọ̀. Ẹ gba I-75 lọ sí gúúsù títí dé Georgetown, kí ẹ wá gba US 460 lọ sí ìlà oòrùn, á gbé yín dé Paris. Ẹ wá àyè tó bá bọ́ sí láàárín aago 9:30 sí 10, ẹ sì dé ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Ẹ ya nǹkan bíi 25 sí 50 dọ́là sọ́tọ̀ fún orí kọ̀ọ̀kan, kí dọ́là kéékèèké sì wà lọ́wọ́ yín fún ẹni tó mú yín káàkiri, àṣà ibẹ̀ ni.

Láti Paris, Paris Pike ni kí ẹ gbà lọ sí Lexington, máìlì bíi 18. Ẹ má yára. Ọ̀nà yẹn ló fi hàn yín bí ilẹ̀ náà ṣe rí: oko lọ́tùn-ún lósì, ọgbà onípákó dúdú, àti ògiri òkúta tó rọra ń tẹ̀ lé ọ̀nà. Sìmẹ́ǹtì kò sí nínú ògiri yẹn. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò lérí ara wọn, ìwúwo ara wọn ló so wọ́n pọ̀, àwọn tó wà lókè pátápátá sì dúró lórí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọmọ Ireland mọ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú kọ́ iṣẹ́ náà, lẹ́yìn òmìnira sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn fi ṣiṣẹ́ jẹun. Nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà náà sí i, wọ́n tú ògiri òkúta tó wà lójú ọ̀nà palẹ̀, wọ́n sì tún un mọ padà.

Ilé àtijọ́ tí mo ní lọ́kàn ni Ashland, ilé Henry Clay, sẹ́nétọ̀ tó du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1824, 1832 àti 1844 tí kò rí i gbà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 600 éékà nígbà kan rí. Ó ti kù sí nǹkan bíi 17, ìlú sì ti yí i ká. Ọ̀fẹ́ ni rírìn lágbàlá rẹ̀, nítorí náà ẹ di jọ̀lọ́ọ̀fù yín dání, kí ẹ jókòó sábẹ́ igi jẹun. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọlé ní aago 1. Ẹ gba àyè èyí náà ṣáájú, kí ẹ sì bi wọ́n nípa àtẹ̀gùn nítorí orókún Màmá. Kì í ṣe ilé tí Clay fúnra rẹ̀ gbé lẹ máa rí o. Bíríkì ilé yẹn kò dáa, ilé náà ti ń sán, nígbà tó sì kú lọ́dún 1852, ọmọ rẹ̀ James wó o, ó tún un kọ́ sórí ìpìlẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn ilé, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fi èéfín gbẹ ẹran àti ilé roboto tí wọ́n ń kó yìnyín pamọ́ sí. Iṣẹ́ ẹrú ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, nǹkan bí ẹrú 60 ni Clay ní lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń gbin hemp tí wọ́n fi ń ṣe okùn, wọ́n sì ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀.

Ẹ bi wọ́n léèrè Charlotte Dupuy. Ní oṣù kejì ọdún 1829, nígbà tí Clay ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò ní Washington, obìnrin yìí gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó ní òun àti àwọn ọmọ òun yẹ lómìnira. Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, kò bá Clay padà sí Kentucky. Washington ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lọ́dún 1830, wọ́n tì í mọ́lé nítorí pé ó kọ̀ láti padà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ Clay ní New Orleans. Ọdún 1840 ni Clay tó tú òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin sílẹ̀. Clay yìí kan náà ló wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú lọ sí Liberia sílẹ̀, ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ìlú kan ń jẹ́ Clay-Ashland ní Liberia títí dòní. Màmá lè má mọ Clay, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Liberia. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún wọn.

Ìdílé Clay kò fi ẹṣin sílẹ̀. Lọ́dún 1902, Alan-a-Dale, ẹṣin Thomas Clay McDowell tó jẹ́ ọmọ-ọmọ-ọmọ Henry Clay, gba Kentucky Derby, ìje ẹṣin tó lókìkí jù ní Kentucky. Jimmy Winkfield, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí nítòsí Lexington, ló gùn ún. Òun náà ló gba ti ọdún 1901. Láti ọjọ́ náà títí di òní, agẹṣin aláwọ̀ dúdú kankan kò tún gba Derby mọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú Derby 28 àkọ́kọ́, àwọn ló gba 15! Nígbà tí owó wọnú eré náà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì le, àwọn agẹṣin aláwọ̀ funfun ń há wọn mọ́ ọgbà lórí pápá, àwọn olówó kò gbà wọ́n síṣẹ́ mọ́, wọ́n sì lé wọn jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ fún African Cemetery No. 2 ní East Seventh Street, nínú Lexington kan náà. Ọdún 1869 ni ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kan, Union Benevolent Society No. 2, dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Oliver Lewis sùn sí, ẹni tó gun Aristides gba Derby àkọ́kọ́ pátápátá ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1875. Ansel Williamson, ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú, ló kọ́ ẹṣin náà, 13 nínú agẹṣin 15 tó du ìje ọjọ́ yẹn ló sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. James "Soup" Perkins tó gba ti ọdún 1895 náà wà níbẹ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń mú èèyàn káàkiri lójoojúmọ́; ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ yín, ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú.

Tó bá ti di aago 3, ẹ kọrí sí Kentucky Horse Park ní ibi àbájáde 120 (Exit 120) lórí I-75, ọ̀nà ilé yín gan-an. Ẹ ti wo ìkànnì wọn kí ẹ mọ ìgbà tí wọ́n ń tì í, nítorí ó máa ń yí padà bí ìgbà ṣe ń yí. Bí ọmọ bá fẹ́ gun ẹṣin, ibí nìkan ni lọ́jọ́ yìí. Wọ́n ní òfin ọjọ́ orí, àyè sì máa ń tètè tán, ẹ pè wọ́n ṣáájú. Ẹ lọ síbi ère Man o' War, ẹṣin ìje tó lókìkí. Ìje 21 ló sá, 20 ló gbà. Will Harbut, olùtọ́jú rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ló ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn èrò tó ń wọ́ wá wò ó, òun àti ẹṣin náà sì kú láàárín oṣù kan síra wọn lọ́dún 1947. Nítòsí ère náà ni ibojì Isaac Murphy wà, agẹṣin aláwọ̀ dúdú tó gba Derby lọ́dún 1884, 1890 àti 1891. Inú African Cemetery No. 2 ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí lọ́dún 1896. Lọ́dún 1967 ni wọ́n hú u, wọ́n gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Man o' War, ẹṣin náà kò sì tíì wáyé nígbà tí Murphy kú. Èmi ò gbà pé ó yẹ kí wọ́n mú un kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ló wà báyìí, ó sì yẹ kí ẹ kí i.

Ẹ gbàgbé pápá Keeneland lọ́jọ́ yìí. Ọ̀sán gbáko ni ìje ń gbà, ó sì tó kí ẹ wá nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Òjò kì í dá ìrìn oko dúró, ṣùgbọ́n mànàmáná ń dá a dúró, bí ẹṣin bá sì ṣàìsàn lójijì, wọ́n lè fagi lé e láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi gba àyè wà ní títàn láti aago 6. Bí wọ́n bá fagi lé e, ẹ má gbìyànjú oko mìíràn láìpè wọ́n. Ẹ yí ètò padà: ẹ kọ́kọ́ lọ sí Horse Park tó bá ṣí, kí ẹ tó wọ Lexington fún Ashland ní aago 1 bó ṣe wà, lẹ́yìn náà African Cemetery No. 2. Kí ẹ wá wa ọkọ̀ gba Paris Pike lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì ti Paris gba US 460 padà sí I-75. Màmá á ṣì rí ẹṣin lẹ́yìn ọgbà ní pápá, àmọ́ ẹ má dúró sójú ọ̀nà láti ya fọ́tò, ọ̀nà eré ni, ẹ má sì fọwọ́ kan ọgbà, nítorí iná mànàmáná wà lára àwọn míì.